Lẹ́tà ṣíṣí sí ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe géèmù tẹ́níìsì tí à ń ju ọwọ́ gbá

Ẹ̀yin ọ̀gá wa àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá. Ọ̀rọ̀ wa kò pọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àlàyé rẹ̀ máa gùn díẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣèlérí mọ́ fún ẹni tó ra géèmù yín pé bí ọwọ́ rẹ̀ bá ṣe lọ ni rákẹ́ẹ̀tì ojú tẹlifíṣọ̀n yóò ṣe lọ láìyẹ̀. Sẹ́ńsọ̀, ẹ̀yà kékeré tó ń wọn ìrìn ọwọ́ nínú páàdì tí à ń dì mú, kò lè mú irú ìlérí bẹ́ẹ̀ ṣẹ, ibòmíì ló sì yẹ kẹ́ ẹ ná owó àti oṣù tí ẹ fi ń lépa rẹ̀ sí. Ohun mẹ́rin ni páàdì lè mọ̀ dájú: ìgbà tí ẹni náà gbá, ìhà tí ọwọ́ rẹ̀ lọ, bó ṣe dojú rákẹ́ẹ̀tì kọ bọ́ọ̀lù, àti bóyá ó fi agbára gbá a tàbí ó rọra gbá a. Géèmù tó bá ka mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dáadáa, tó sì ń jẹ́ kí ẹni tó tàsé mọ ìdí tó fi tàsé, òun ló ń dùn ún gbá.

Wii Sports, géèmù eré ìdárayá ti ẹ̀rọ Wii tí Nintendo ṣe, tó jáde ní November 2006, jẹ́rìí sí i. Páàdì Wii ìgbà yẹn kò ní gyroscope, ìyẹn sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn bí nǹkan ṣe ń yára yí. Accelerometer, tó ń wọn bí eré ṣe ń pọ̀ sí i tàbí dín kù, nìkan ló fi ń mọ bí ọwọ́ ṣe ń lọ, èyí kò sì lè wọn ju nǹkan bí 3 g lọ, bẹ́ẹ̀ g kan ni bí ilẹ̀ ṣe ń fa nǹkan, 9.81 m/s². Síbẹ̀, àwọn tí kò fọwọ́ kan géèmù rí dìde lórí àga wọ́n sì gbá tẹ́níìsì. Ìdí ni pé géèmù náà fúnra rẹ̀ ló ń bá wọn sáré lórí pápá. Kí wọ́n ṣáà ti gbá lásìkò. Bí ọwọ́ bá yá jù, bọ́ọ̀lù gba ìhà kan. Bó bá pẹ́, ó gba ìhà kejì. Nígbà tí MotionPlus, ẹ̀rọ kékeré tí à ń fi kún páàdì Wii, kó gyroscope dé ní 2009, ó wá ṣeé ṣe láti mọ bí ojú rákẹ́ẹ̀tì ṣe yí, àmọ́ ibi tí ọwọ́ wà gan-an nínú yàrá ṣì fara sin fún páàdì.

Ó sì máa fara sin títí, torí pé accelerometer kì í wọn ibi tí nǹkan wà. Bí eré nǹkan ṣe ń yí padà ló ń wọ̀n. Kẹ́ ẹ tó mọ ibi tí ọwọ́ wà, ẹ gbọ́dọ̀ kó ìyípadà yẹn jọ kó di eré, kẹ́ ẹ tún kó eré jọ kó di ọ̀nà tó rìn. Kí èyí tó bẹ̀rẹ̀ rárá, ẹ ní láti yọ fífà ilẹ̀ kúrò nínú rẹ̀, ẹ kò sì lè yọ ọ́ tí ẹ kò bá mọ ìhà tí ilẹ̀ wà sí páàdì. Ká ní ẹ fi dígírì kan péré ṣì í mọ̀. Nǹkan bí 0.17 m/s² á ṣẹ́ kù tó ń ṣe bí ẹni pé ọwọ́ ló ń rìn. Lẹ́yìn sẹ́kọ́ńdì kan, rákẹ́ẹ̀tì ti yẹ̀ ní bíi sẹ̀ǹtímítà 8.5. Lẹ́yìn sẹ́kọ́ńdì márùn-ún, ó ti lé ní mítà méjì, pápá tí ẹni kan ti ń bá ẹni kan gbá tẹ́níìsì kò sì fẹ̀ ju mítà 8.23 lọ. Ẹ ò tíì parí póìǹtì kan, ìdámẹ́rin pápá ti lọ.

Nígbà tí ọwọ́ bá wá ń gbá lóòótọ́, ó tún burú jù bẹ́ẹ̀. Páàdì tó ń yí ní radian 20 (bíi dígírì 1,146) ní sẹ́kọ́ńdì kan, tó sì jìnnà sí ibi tó ti ń yí ní 30 sẹ̀ǹtímítà, ń fara gba 120 m/s², ìyẹn bíi 12 g. Bí ẹ bá fi accelerometer yín sí 8 g, orí ìlà rẹ̀ á tẹ́ pẹrẹsẹ ní ibi tí ẹ nílò rẹ̀ jù. Ẹ fi sí 16 g tí ẹ̀rọ náà bá gbà á, ẹ fi gyroscope sí dígírì 2,000 ní sẹ́kọ́ńdì kan, kẹ́ ẹ sì fi gyroscope ṣe aṣáájú. VR, ìyẹn géèmù tí à ń dé ẹ̀rọ rẹ̀ sójú gbá, yàtọ̀ o. Kámẹ́rà rẹ̀ ń rí páàdì, ẹni tó dé e sórí sì ń rí rákẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ ara rẹ̀, nítorí náà ibẹ̀ ni ìbámu ọwọ́ pẹ̀lú rákẹ́ẹ̀tì ti di dandan. Ní ti kámẹ́rà tó wà lórí tẹlifíṣọ̀n, tó ń ya fírémù 30 ní sẹ́kọ́ńdì kan, ẹ má fi gbá tẹ́níìsì: ọwọ́ tó ń sáré mítà 10 ní sẹ́kọ́ńdì kan ti rìn ní 33 sẹ̀ǹtímítà láàárín fírémù kan sí èkejì.

Gyroscope náà ní àléébù tirẹ̀. Bó bá dúró jẹ́ẹ́, kì í ka òdo géérégé. Bó bá ń fi ìdajì dígírì ṣì í kà ní sẹ́kọ́ńdì kọ̀ọ̀kan, ìṣẹ́jú kan á ti gbé rákẹ́ẹ̀tì yín yẹ̀ ní dígírì 30. A dúpẹ́ pé tẹ́níìsì kún fún ìdúró: kí póìǹtì tó bẹ̀rẹ̀, ẹni tó di páàdì mú máa ń dúró díẹ̀. Bí accelerometer bá ń ka láàárín 0.98 sí 1.02 g, tí ìkà gyroscope kò sì lọ sókè sódò ju dígírì kan ní sẹ́kọ́ńdì kan lọ fún ìdajì sẹ́kọ́ńdì, ẹ gba ìpíndọ́gba ohun tí gyroscope ń kà, kẹ́ ẹ máa yọ ọ́ kúrò láti ìgbà náà lọ. Ẹ lo accelerometer láti tọ́ka òkè nìkan, ìyẹn náà sì jẹ́ nígbà tó bá wà láàárín 0.9 sí 1.1 g, torí lákòókò tí ọwọ́ ń jù, irọ́ ló ń pa. Ìhà tí ẹni náà kọjú sí nínú yàrá kò ní atọ́nà kankan, torí fífà ilẹ̀ kò sọ ti ọ̀tún àti òsì. Ẹ má ṣe gbé ohunkóhun lé e lórí tó máa pẹ́ ju gbígbá kan lọ.

Ẹ jẹ́ ká wá dé ibi tí géèmù yìí ti sábà máa ń bàjẹ́. Kò sẹ́ni tó ń ju ọwọ́ síwájú tí kì í kọ́kọ́ fà á sẹ́yìn. Bí kóòdù yín bá ń wo bí páàdì ṣe yára yí nìkan, ìfàsẹ́yìn yẹn ni yóò kà sí gbígbá. Agbábọ́ọ̀lù inú géèmù á ju rákẹ́ẹ̀tì nígbà tí bọ́ọ̀lù ṣì wà lókè nẹ́ẹ̀tì, ẹni tó di páàdì mú á sì máa ṣépè fún páàdì tí kò ṣẹ̀ ẹ́.

Ìṣírò kékeré kan ló ń tú u. Ẹ mú ìwọ̀n mẹ́ta (x, y, z) tí gyroscope fún yín, àti ìlà tó tọ́ka sókè, tí ẹ ti dín gígùn rẹ̀ kù sí ẹyọ kan. Ẹ fi x ti àkọ́kọ́ sọ x ti èkejì di púpọ̀, y sọ y, z sọ z, kẹ́ ẹ ro mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Nọ́ńbà tó jáde ń sọ bí páàdì ṣe ń yí yípo òpó tó dúró ṣánṣán, bó ti wù kí ẹni náà yí páàdì lọ́wọ́ rẹ̀ tó. Èyí ló ṣe pàtàkì jù, torí ẹni mẹ́wàá ló ń di páàdì mú lọ́nà mẹ́wàá. Lórí sẹ́ńsọ̀ tó ń tẹ̀lé òfin ọwọ́ ọ̀tún (bí àtàǹpàkò ọ̀tún bá tọ́ka sókè, ìhà tí ìka yòókù ká sí ló ju òdo lọ), tí nọ́ńbà náà bá ju òdo lọ, ọwọ́ ń ti ọ̀tún bọ̀ sí òsì, ìyẹn forehand, gbígbá láti ìhà ọwọ́ tó di rákẹ́ẹ̀tì, fún ẹni tó ń lo ọwọ́ ọ̀tún. Tó bá dín sí òdo, backhand rẹ̀ ni, ìyẹn gbígbá láti ìhà kejì ara. Fún ẹni tó ń lo ọwọ́ òsì, ẹ yí i padà. Ẹ bi í lẹ́ẹ̀kan péré, kẹ́ ẹ sì máa rántí. Ẹ ṣọ́ra fún àmì sókè yẹn o. Accelerometer tó wà lórí tábìlì ń ka òkè ni, kì í ka ìsàlẹ̀. Tí ẹ bá sì fi fóònù ṣe páàdì, èyí tó ń lo Android tó dojú sókè á ka +9.81 ní z, iPhone á ka −1. Ọ̀pọ̀ forehand tó di backhand, láti ibẹ̀ ló ti yí padà.

Àmọ́ ìṣírò náà nìkan ò tó. Ìfàsẹ́yìn backhand àti gbígbá forehand ń yí sí ìhà kan náà. Páàdì ò lè yà wọ́n sọ́tọ̀, ṣùgbọ́n géèmù lè yà wọ́n, torí ó ti mọ ìhà tí bọ́ọ̀lù ń bọ̀ àti ìgbà tó máa dé. Ẹ ti ilẹ̀kùn gbígbá pa títí tó fi máa ku milisẹ́kọ́ńdì 350 (ẹgbẹ̀rún kan milisẹ́kọ́ńdì ló wà nínú sẹ́kọ́ńdì kan) kí bọ́ọ̀lù débẹ̀. Ìyíká tó bá ṣẹlẹ̀ ṣáájú ìgbà náà, ìfàsẹ́yìn ni, ẹ kàn tọ́jú bó ṣe gùn tó. Nígbà tí ilẹ̀kùn bá ṣí, ìhà tó bá bọ́ọ̀lù mu nìkan ni kẹ́ ẹ gbà. Ní ti ọmọdé àti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ, ẹ gba ìhà méjèèjì láàárín milisẹ́kọ́ńdì 200 tó kẹ́yìn, kí agbábọ́ọ̀lù inú géèmù sì yí ẹsẹ̀ rẹ̀ padà láti bá a mu. Àwọn kan á ní ojúsàájú nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa wí.

Ààlà méjì ni kẹ́ ẹ lò, kì í ṣe ẹyọ kan. Gbígbá bẹ̀rẹ̀ nígbà tí eré ìyíká bá kọjá dígírì 300 ní sẹ́kọ́ńdì kan, ó sì parí nígbà tó bá wálẹ̀ sí 150. Tí ẹ bá lo ààlà kan ṣoṣo, ọwọ́ tó ń gbọ̀n lórí ààlà náà á jẹ́ kí wọ́n ka gbígbá kan sí mẹ́ta. Lẹ́yìn tó bá ti parí, ẹ tún ilẹ̀kùn tì fún milisẹ́kọ́ńdì 250, kí ọwọ́ tó ń padà sí ipò rẹ̀ má bàa di gbígbá tuntun. Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ fún yín pé kẹ́ ẹ dúró de ibi tí eré ọwọ́ ti ga jù kẹ́ ẹ tó dáhùn. Ibi tó ga jù yẹn kì í ṣeé mọ̀ àfi tó bá ti kọjá, nígbà náà ẹ ti pẹ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ìgbésẹ̀ agbábọ́ọ̀lù inú géèmù nígbà tí nọ́ńbà bá kọjá 300, ẹ ka ìgbà tí rákẹ́ẹ̀tì kan bọ́ọ̀lù sí bíi milisẹ́kọ́ńdì 80 lẹ́yìn rẹ̀, kẹ́ ẹ sì máa wọn agbára títí di ìgbà náà. Àwọn nọ́ńbà wọ̀nyí, ìbẹ̀rẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi wọ́n ṣe. Ẹ óò tún wọn ṣe fún páàdì tiyín.

Ọ̀rọ̀ ìfalẹ̀ ló kàn, òun la sì gbà pé ẹ fojú kéré jù. Láti ìgbà tí ọwọ́ jù títí di ìgbà tí ojú rí i, ó gba ọ̀nà púpọ̀: sẹ́ńsọ̀ kà á, Bluetooth gbé e, géèmù dúró de fírémù tó kàn, tí í ṣe milisẹ́kọ́ńdì 16.7 tí fírémù bá jẹ́ 60 ní sẹ́kọ́ńdì kan, ó ya àwòrán rẹ̀, tẹlifíṣọ̀n wá fi tirẹ̀ kún un. Tẹlifíṣọ̀n tó wà ní ipò géèmù lè fi bíi milisẹ́kọ́ńdì 10 kún un. Ti ipò fíìmù lè fi ju 100 lọ. Ẹni tó di páàdì mú kò rí bọ́ọ̀lù inú kọ̀ǹpútà yín. Bọ́ọ̀lù ojú tẹlifíṣọ̀n ló rí, èyí tó ti pẹ́. Ó gbá a lásìkò gan-an, ẹ ní ó pẹ́.

Nítorí náà, ẹ wọn ìfalẹ̀ ilé kọ̀ọ̀kan. Ẹ jẹ́ kí bọ́ọ̀lù máa bọ̀ lójú ìlà kan, kí ẹni náà gbá a nígbà mẹ́wàá. Ẹ sọ méjì àkọ́kọ́ nù, ẹ to mẹ́jọ tó kù láti kékeré dé ńlá, kẹ́ ẹ sì mú àárín wọn. Ẹ má fi ìró ṣe ìdánwò yìí, torí ẹni tó so sípíkà Bluetooth mọ́ tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ ń gbọ́ ohùn lẹ́yìn tó ti rí àwòrán. Lẹ́yìn ìyẹn, bí páàdì bá sọ pé gbígbá ṣẹlẹ̀, ẹ yọ ìfalẹ̀ náà kúrò nínú àsìkò rẹ̀ kẹ́ ẹ tó fi wé ti bọ́ọ̀lù. Èyí túmọ̀ sí pé bọ́ọ̀lù tó ti kọjá lára agbábọ́ọ̀lù yín ní milisẹ́kọ́ńdì 60 lè ṣì jẹ́ bọ́ọ̀lù tó wà níwájú ẹni tó ń wo tẹlifíṣọ̀n. Ẹ má tètè kéde pé ó tàsé. Ẹ dúró fún ìwọ̀n ìfalẹ̀ náà ná. Àsìkò tí sẹ́ńsọ̀ kọ sílẹ̀ sì ni kẹ́ ẹ lò, ẹ má lo ti fírémù. Joy-Con, páàdì ti Nintendo Switch, máa ń di ìwọ̀n mẹ́ta pọ̀ sínú ìfiránṣẹ́ kan, tí milisẹ́kọ́ńdì 5 wà láàárín wọn. Ẹni tó bá ka èyí tó kẹ́yìn nìkan ti da ìdá méjì nínú mẹ́ta gbígbá nù, á tún máa bú sẹ́ńsọ̀.

Kí àyè àsìkò tí gbígbá fi lè yá tàbí pẹ́ jẹ́ milisẹ́kọ́ńdì 120 síwájú àti 120 sẹ́yìn fún ẹni tó ń kọ́ ọ, kí ó dín kù sí 60 fún ẹni tó ti mọ̀ ọ́n gbá. Nínú àyè yẹn, àsìkò ló ń pín ìhà: fún forehand ọwọ́ ọ̀tún, ẹni tó tètè gbá rán bọ́ọ̀lù sí òsì, ẹni tó pẹ́ díẹ̀ rán an sí ọ̀tún. Èyí bá tẹ́níìsì gidi mu, kò sì gba sẹ́ńsọ̀ olówó ńlá.

Agbára ni ibi tí géèmù ti ń sọ èèyàn di ẹni tó ń lu afẹ́fẹ́. Bí ẹ bá jẹ́ kí bọ́ọ̀lù máa le sí i bí ọwọ́ bá ṣe ń yára sí i láìlópin, gbogbo èèyàn á máa jù ú bí ẹni lé ejò. Ẹ mú gbígbá márùn-ún ẹni kọ̀ọ̀kan ní ìbẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ sọ àárín wọn di 70 nínú 100 agbára rẹ̀. Nípa báyìí, ọmọ ọdún mẹ́jọ àti bàbá rẹ̀ á lè jọ gbá. Lókè ìyẹn, kí èrè máa dín kù, kó sì dúró pátápátá nígbà tí eré ọwọ́ bá di ìlọ́po kan àti ààbọ̀ ti àárín yẹn. Ní ti yíyí bọ́ọ̀lù, ẹ wo bóyá páàdì ń ti ìsàlẹ̀ lọ sókè tàbí ó ń ti òkè bọ̀ wálẹ̀ nígbà tó kan bọ́ọ̀lù. Kó jẹ́ topspin (bọ́ọ̀lù ń yí síwájú), slice (bọ́ọ̀lù ń yí sẹ́yìn) àti èyí tó lọ tààrà, mẹ́ta péré, kí èyí tó lọ tààrà sì ní àyè bíi dígírì 20 lókè àti nísàlẹ̀. Ẹni tó dúró ní pálọ̀ kò mọ ìyàtọ̀ dígírì 7 sí 11.

Serve, gbígbá tó ń bẹ̀rẹ̀ póìǹtì, ń fẹ́ ìtọ́jú tirẹ̀. Níbẹ̀, ọwọ́ ń ti òkè orí bọ̀ wálẹ̀, nọ́ńbà òpó tó dúró ṣánṣán tí a sọ lókè kò sì wúlò mọ́. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú eré ìyíká, kẹ́ ẹ lo ohun tó ṣẹ́ kù. Páàdì á tún dúró gbọnrangandan, ibẹ̀ sì ni àwọn tó ń fi igun mẹ́ta kọ ìdúró páàdì ti máa ń rí i tí rákẹ́ẹ̀tì ń fò láti ìhà kan sí èkejì lójijì. Quaternion, nọ́ńbà mẹ́rin tí a fi ń kọ ìdúró nǹkan, ni kẹ́ ẹ lò láti ìbẹ̀rẹ̀. Jíju bọ́ọ̀lù sókè ṣáájú serve, bọ́tìnì ló dára jù fún un. Ẹ lè fi gbígbé páàdì sókè kún un fún ẹni tó bá fẹ́.

Gbígbọ̀n páàdì dára, torí pé ọwọ́ ń retí ohun kan nígbà tí bọ́ọ̀lù bá kàn án. Kó má ju milisẹ́kọ́ńdì 40 lọ. Àmọ́ mọ́tò tó ń gbọ̀n ń gbọn sẹ́ńsọ̀ náà pẹ̀lú. Ẹ di etí sí accelerometer títí gbígbọ̀n á fi parí, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ páàdì á gbá bọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀.

Ẹ ronú nípa ara èèyàn náà. Ní 2007, ìwé ìròyìn ìṣègùn New England Journal of Medicine tẹ lẹ́tà oníṣègùn kan jáde nípa iṣan èjìká tó wú lẹ́yìn tí ẹni kan fi ọ̀pọ̀ wákàtí gbá tẹ́níìsì Wii. Ní December 2006, oṣù tó tẹ̀ lé ìgbà tí Wii jáde, Nintendo ti ń fi okùn ọwọ́ tó nípọn sí i pààrọ̀ èyí tó kọ́kọ́ ṣe. Òpin tí a ní kẹ́ ẹ fi sí agbára lókè yẹn ló ń gba èjìká àti tẹlifíṣọ̀n là. Ẹ ṣe ti ẹni tó jókòó pẹ̀lú: ẹ sọ ààlà 300 di 120, kẹ́ ẹ dín 150 ti ìparí kù bákan náà, ẹ má sì béèrè serve olókè lọ́wọ́ rẹ̀. Kí bọ́tìnì kan sì wà tó lè rọ́pò gbogbo gbígbá fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò gbà á.

Èyí tó kéré jù lówó, tí a kì í sì í sábà rí, ni pé kí géèmù sọ̀rọ̀. Nígbà tí ẹni kan bá tàsé, ẹ kọ ọ́ sí igun ojú tẹlifíṣọ̀n fún sẹ́kọ́ńdì kan: “yá jù, 90”, “pẹ́, 140”, “ìhà kejì”, “ọwọ́ kò yára tó”. Kóòdù yín ti mọ ọ́. Ẹ ń fi pamọ́ ni. Ẹni tó rí “yá jù” lẹ́ẹ̀mẹta á dúró díẹ̀ kó tó gbá. Ẹni tí kò rí nǹkan kan á ní páàdì ti bàjẹ́.

Kẹ́ ẹ tó tà á, ẹ gba ìkà sẹ́ńsọ̀ àti fídíò àwọn tó ń lo ọwọ́ ọ̀tún, àwọn tó ń lo ọwọ́ òsì, ọmọdé, àgbà, ẹni tó jókòó, ẹni tí kò gbá tẹ́níìsì rí. Ẹ tọ́jú ìkà náà láìfi ohunkóhun kún un, kẹ́ ẹ sì máa gbé e gba inú kóòdù yín kọjá nígbàkúùgbà tí ẹ bá yí nọ́ńbà kan padà. Ohun mẹ́rin ni kẹ́ ẹ máa kà: gbígbá tí páàdì kò rí, gbígbá tí ẹnikẹ́ni ò gbá, èyí tó gba ìhà òdì, àti èyí tí wọ́n kà lẹ́ẹ̀mejì. Tí ẹ bá sọ ààlà kalẹ̀ láti dín àkọ́kọ́ kù, èkejì á gòkè, nítorí náà ẹ má wo ọ̀kan láìwo ìkejì. Gbígbá tí ẹnikẹ́ni ò gbá sì sábà máa ń wá lẹ́yìn póìǹtì, nígbà tí ẹni tó jàre bá na ẹ̀ṣẹ́ sókè tàbí tó bá gbé páàdì bọ́ sí ọwọ́ kejì kó lè nu òógùn. Ẹ pa kíka gbígbá títí bọ́ọ̀lù tó kàn á fi kúrò lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣe serve.

Àwa ni tiyín,
Àwa tí a ń ṣe ètò ìdarí fún géèmù eré ìdárayá